Etíkun Èkó: Ta ló ni iyanrìn tí à ń jó lé lórí?

Bí ọ̀sán ọjọ́ Àìkú bá ti pọ́n, tí àwọn ìjọ sì ti túká, ọ̀nà tó lọ sí etíkun Ẹlẹ́gùṣì ní Lekki a máa kún fún ọkọ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn DJ yóò ti gbé ẹ̀rọ wọn kalẹ̀, èéfín sùyà àti ẹja tí wọ́n ń yan yóò ti gba afẹ́fẹ́ kan, àwọn ẹṣin tí ènìyàn lè san owó gùn yóò sì máa lọ, wọn yóò máa bọ̀ létí omi.

Ẹni tó bá ti gbọ́ nípa Mykonos, erékùṣù ilẹ̀ Gíríìsì tí etíkun rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Paradise Beach lókìkí káàkiri àgbáyé fún fàájì àṣemọ́jú, yóò rí i pé Èkó náà ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá kan wà. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí àwọn afẹ́fàájì ti ń lọ sí Paradise Beach, ojú kan náà ni wọ́n sì ń bá a. Ní Èkó, etíkun fàájì kì í pẹ́ kó tó ṣí nípò. Bí òkun kò bá gbé e lọ, àwọn tó ń kọ́ ìlú tuntun lè sọ ọ́ di ilẹ̀ ilé, tàbí kí katapílà ìjọba wó o nítorí ọ̀nà.

Èyí ni ìtàn bí àwọn etíkun náà ṣe ń ṣí kiri, ohun tó ń fà á, àti àwọn tí ìṣíkiri náà ń pa lára.

Bar Beach, ìyá gbogbo wọn

Kí ẹnikẹ́ni tó mọ Ẹlẹ́gùṣì tàbí Landmark, Bar Beach ni Èkó mọ̀. Ó wà ní iwájú Erékùṣù Victoria, lẹ́bàá títì Ahmadu Bello, níbi tí òkun Àtìláńtíìkì ti ń lu ilẹ̀. Orúkọ rẹ̀ wá láti ara òkìtì iyanrìn abẹ́ omi, èyí tí àwọn atukọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "bar". Òkìtì náà ló ń dí ọkọ̀ ojú omi ńlá lọ́wọ́ láti wọ ọ̀sà Èkó láyé àtijọ́.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn òmìnira, ibẹ̀ ni tọmọdé tàgbà máa ń ya lọ bí ọdún Kérésìmesì, Àjíǹde tàbí Iléyá bá dé. Ẹni tí kò lówó ilé ìgbafẹ́ lọ́wọ́ lè bá òkun ṣeré níbẹ̀ bí ọlọ́rọ̀ ṣe ń bá a ṣeré.

Fàájì nìkan kọ́ ni wọ́n ń bá lọ síbẹ̀. Àwọn wòlíì Aládùúrà nínú aṣọ funfun máa ń gbàdúrà létí omi, àwọn tó ń wá ọmọ, iṣẹ́ tàbí ìwòsàn sì ń tọ̀ wọ́n lọ. Àwọn wòlíì wọ̀nyí ni Wọlé Ṣóyínká fi ṣe ẹ̀rín nínú eré oníṣe rẹ̀, The Trials of Brother Jero, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe lórí ìtàgé ní ọdún 1960. Bar Beach ni Jero ti ń ṣiṣẹ́ wòlíì, àwọn tó ń wá ìrànwọ́ ló sì fi ń jẹun.

Lẹ́yìn náà ni ìbọn dé. Ní ọdún 1970, lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ìjọba ológun Ọ̀gágun Yakubu Gowon ṣe òfin pé ikú ni ìjìyà adigunjalè. Láti ọdún 1971 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í so àwọn tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi mọ́ òpó ní Bar Beach, tí wọ́n sì ń yìnbọn pa wọ́n ní gbangba. Ní ọjọ́ 8, oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, Ishola Oyenusi, adigunjalè tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ nígbà náà, kú síbẹ̀ lójú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Àwọn ará Èkó sọ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ní "Bar Beach Show", bí ẹni pé eré ìtàgé ni.

Orí iyanrìn kan náà ni a ti jó, tí a ti gbàdúrà, tí a sì ti wo ikú ẹlòmíràn. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà Èkó kì í fi í dárúkọ Bar Beach láìmí kanlẹ̀.

Kí ló dé tí òkun fi ń jẹ Èkó?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí òkun ṣe ń gba ilẹ̀ Erékùṣù Victoria jẹ́ iṣẹ́ Olókun tàbí àmúwá Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn wà nínú rẹ̀, ó sì ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ní etíkun wa, láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn ni ìgbì òkun ń gbé iyanrìn rìn. Bí ó ti ń kó iyanrìn kan lọ, bẹ́ẹ̀ ló ń kó òmíràn wá dípò rẹ̀, etíkun kò sì ní pàdánù púpọ̀. Láàárín ọdún 1908 sí 1912, ìjọba amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì kọ́ àwọn ògiri òkúta gígùn wọ inú òkun ní ẹnu ọ̀nà èbúté Èkó, kí ọ̀nà omi lè jìn tó fún ọkọ̀ ńlá. Iṣẹ́ náà yọrí sí rere fún òwò. Èbúté Èkó di èyí tó tóbi jù lọ ní Nàìjíríà.

Àmọ́ ògiri náà dí iyanrìn lọ́nà. Èyí tó yẹ kó dé Bar Beach bẹ̀rẹ̀ sí í kó jọ sí apá ìwọ̀-oòrùn, ní Lighthouse Beach, etíkun ibẹ̀ sì ń fẹ̀ sí i. Bar Beach, tí ó wà ní apá kejì, ń pàdánù láìrí àrọ́pò. Láàárín nǹkan bí ìdajì ọ̀rúndún, òkun ti gba ilẹ̀ tó ju kìlómítà kan lọ ní ẹ̀gbẹ́ ògiri náà.

Láti ìparí àwọn ọdún 1950 ni ìjọba ti ń da iyanrìn síbẹ̀ léraléra. Bí wọ́n bá da á tán, òkun a tún gbé e lọ. Nígbà mìíràn, omi a ya bo títì Ahmadu Bello, tí ọkọ̀ kò ní lè kọjá, tí ẹ̀rù a sì ba àwọn ilé iṣẹ́ àti ilé ìfowópamọ́ tó wà níbẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 2006, wọ́n to àwọn òkúta kọnkéré ńláńlá sí etí omi láti dá a dúró.

Nígbà tí etíkun di ìlú

Lẹ́yìn náà ni èrò tuntun dé: dípò kí a máa bá òkun jà lórí iyanrìn díẹ̀, ẹ jẹ́ kí a gba ilẹ̀ tó ti gbé lọ padà. Ibẹ̀ ni Eko Atlantic ti bẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ South Energyx, tó wà lábẹ́ Chagoury Group, ló ń ṣe é pẹ̀lú àdéhùn ìjọba. Wọ́n ń fa iyanrìn láti ìsàlẹ̀ òkun, wọ́n sì ń kọ́ ògiri ńlá yí i ká, èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ nínú ètò jẹ́ kìlómítà 8.5. Ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gbà padà fẹ̀ tó kìlómítà 10 níbùú lóròó, wọ́n sì ṣírò pé 250,000 ènìyàn yóò máa gbé lórí rẹ̀.

Ní oṣù Kejì, ọdún 2013, Ààrẹ Goodluck Jonathan àti Bill Clinton, tó ti jẹ ààrẹ Amẹ́ríkà rí, wà níbi ayẹyẹ tí wọ́n fi ṣí iṣẹ́ náà. Bí Bar Beach ṣe parí nìyẹn. Ibi tí àwọn aláìlówó ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ omi di ilẹ̀ tí wọ́n ń tà fún àwọn tó lówó dọ́là.

Oṣù mélòó kan ṣáájú ayẹyẹ náà, ní oṣù Kẹjọ, ọdún 2012, ìgbì òkun ya bo etíkun Kuramo tó wà nítòsí lóru. Àwọn tó ń sùn nínú ahéré pákó níbẹ̀ ló gbé lọ, ẹ̀mí sì ṣòfò. Àwọn kan di ẹ̀bi náà ru iṣẹ́ Eko Atlantic pé ó ti darí agbára òkun sí ìlà-oòrùn. Àwọn tó ń kọ́ ọ kọ̀ jálẹ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó wó àwọn ahéré tó kù, ó sì lé àwọn ènìyàn kúrò. Kuramo, tí wọ́n ti ń jó títí ilẹ̀ fi ń mọ́, dákẹ́ rọ́rọ́.

Fàájì kọrí sí ìlà-oòrùn

Bí Bar Beach àti Kuramo ṣe lọ, àwọn afẹ́fàájì kọrí sí Ọnírù àti Ẹlẹ́gùṣì. Níhìn-ín, ètò yàtọ̀. Àwọn ìdílé ọba tó ni orúkọ méjèèjì ni wọ́n ń pè ní onílẹ̀ etíkun náà. Géètì wà, owó ìwọlé wà, àwọn ẹ̀ṣọ́ sì wà. Ẹni tó fẹ́ jókòó lábẹ́ agboòrùn yóò san owó mìíràn, ẹni tó bá sì fẹ́ tábìlì ní iwájú DJ yóò san ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ilẹ̀ àdúgbò yìí kò ṣófo tẹ́lẹ̀. Maroko, àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù, ló wà nítòsí rẹ̀ kí ó tó di ibi àwọn ọlọ́rọ̀. Ní oṣù Keje, ọdún 1990, ìjọba ológun Raji Rasaki wó o, àwọn tí wọ́n sì lé kúrò níbẹ̀ tó nǹkan bí 300,000 ènìyàn. Ara ìdí tí ìjọba sọ ni pé ilẹ̀ náà rẹlẹ̀ jù, pé omi lè bò ó. Lónìí, ilé olówó gọbọi ló kún ibẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Landmark

Nínú gbogbo etíkun Ọnírù, èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ láàárín àwọn ọ̀dọ́ ni Landmark. Ilé iṣẹ́ Landmark Africa, tí Paul Onwuanibe dá sílẹ̀, ló sọ ibẹ̀ di ibi ìgbafẹ́ tó mọ́ tónítóní, pẹ̀lú ilé oúnjẹ, ibi ijó, àwọn ibi eré ìdárayá àti ààyè fún àwọn ọmọdé. Ní oṣù Kejìlá, nígbà tí àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní London, Houston àti Toronto bá wálé, ibẹ̀ wà lára ibi tí wọ́n ń kọ́kọ́ lọ.

Ní ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ òpópónà márosẹ̀ etíkun láti Èkó lọ sí Calabar, tí gígùn rẹ̀ yóò jẹ́ nǹkan bí 700 kìlómítà. Apá àkọ́kọ́, tó jẹ́ kìlómítà 47.47, bẹ̀rẹ̀ láti títì Ahmadu Bello, ó sì gba etí omi kọjá. Owó tí ìjọba gbé kalẹ̀ fún apá yìí nìkan ju tírílíọ̀nù kan náírà lọ. Landmark wà lójú ọ̀nà náà.

Ilé iṣẹ́ náà ní iṣẹ́ okòwò tó lé ní 80 ló wà létíkun náà, àti pé iṣẹ́ tó lé ní 4,000 ló so mọ́ wọn. Ó rọ ìjọba pé kí ó darí ọ̀nà náà gba ibòmíràn. Mínísítà fún iṣẹ́ òde, David Umahi, fèsì pé ilẹ̀ tó wà láàárín mítà 250 sí etí òkun jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, àti pé ìjọba yóò san owó gbà-má-bínú fún ẹni tó bá tọ́ sí.

Ọjọ́ méje ni wọ́n fún àwọn oníṣòwò etíkun náà láti kó ẹrù wọn. Ní ìparí oṣù Kẹrin, katapílà wọlé. Àwọn kan nínú wọn ṣì ń tú páànù àti pákó ilé ìtajà wọn nígbà tí ẹ̀rọ náà ń wó ti aládùúgbò wọn.

Àwọn tó fara mọ́ ọ̀nà náà sọ pé yóò dín sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ kù, yóò sì mú kí òwò gbòòrò láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì. Àwọn tó lòdì sí i béèrè ìdí tí ọ̀nà tó fẹ́ mú òwò wá fi ní láti kọ́kọ́ pa òwò tó ti wà nílẹ̀.

Tarkwa Bay: etíkun tó wà, tí àwọn olùgbé rẹ̀ kò sí

Kì í ṣe ọ̀nà nìkan ló ń lé ènìyàn kúrò létíkun. Tarkwa Bay wà ní ẹnu èbúté, ọkọ̀ ojú omi nìkan sì ni wọ́n fi ń dé ibẹ̀. Ògiri òkúta kan náà tó ba Bar Beach jẹ́ ló ṣe é lóore, nítorí pé ó ń dáàbò bo ibẹ̀ lọ́wọ́ ìgbì líle. Omi ibẹ̀ tutù pẹ̀sẹ̀, àwọn òbí sì ń kó ọmọ lọ síbẹ̀. Lẹ́yìn ògiri náà ni àwọn ọ̀dọ́ abúlé ti kọ́ bí a ṣe ń fi pátákó gun ìgbì, títí tí òkìkí wọn fi kan dé òkè òkun.

Ní oṣù Kìíní, ọdún 2020, àwọn ọmọ ogun ojú omi dé, wọ́n sì lé nǹkan bí 4,500 olùgbé ibẹ̀ jáde. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé àwọn kan níbẹ̀ ń fọ́ ọ̀pá epo láti jí epo. Àwọn olùgbé dáhùn pé bí ẹni díẹ̀ bá jalè, kò yẹ kí gbogbo ìlú jìyà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kó ẹrù sí etí omi, wọn kò sì mọ ibi tí wọn yóò gbà.

Ta ló ń jẹun níbẹ̀?

Ẹni tó bá lọ ṣe fàájì lè má ṣàkíyèsí iye ènìyàn tó ń fi iyanrìn náà gbọ́ bùkátà. Obìnrin kan ń ta àgbàdo sísun àti àgbọn. Ọ̀dọ́kùnrin kan ń gbé kámẹ́rà kọ́rùn, ó ń ya fọ́tò, ó sì ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù ẹni tó yà. Ẹlòmíràn ń fi ẹṣin háyà, òmíràn ń yá àwọn ènìyàn ní àga àti agboòrùn. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé yíyọ ẹni tí omi fẹ́ gbé ni iṣẹ́ tiwọn.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ìwé kankan lórí ibi tí wọ́n ti ń tajà. Bí wọ́n bá wó etíkun kan, ẹni tó ni ilé ńlá lè ní ìwé tí yóò fi béèrè owó gbà-má-bínú. Obìnrin alágbàdo kò ní ju ààrò rẹ̀ lọ. Yóò gbé e lọ sí etíkun tó kàn, yóò sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, pẹ̀lú owó géètì tuntun àti àwọn oníbàárà tí kò mọ̀ ọ́n.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbòmíràn

Ìbéèrè ẹni tó ni etíkun kì í ṣe ti Èkó nìkan. Ní ilẹ̀ Gíríìsì, òfin sọ pé gbogbo ará ìlú ló ni etíkun. Síbẹ̀, àwọn oníṣòwò fi àga àti agboòrùn olówó ńlá gba ojú iyanrìn débi pé onílé kò rí ibi jókòó sí. Ní ọdún 2023, àwọn olùgbé erékùṣù Paros, tí kò jìnnà sí Mykonos, kó aṣọ ìnura wọn lọ sí etíkun láti fi ẹ̀hónú hàn. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, ìjọba ṣe òfin tuntun pé ó kéré tán, ìdajì etíkun gbọ́dọ̀ ṣófo láìsí àga olówó lórí rẹ̀.

Ní South Africa, ìran ènìyàn ni wọ́n fi pín etíkun. Lábẹ́ òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà ọdún 1953, aláwọ̀ funfun ló ni ibi tó dára jù lọ ní etíkun Durban. Ọdún 1989 ni ìjọba tó kéde pé etíkun di ti gbogbo ènìyàn. Johannesburg kò ní òkun, nítorí náà bí oṣù Kejìlá bá dé, àwọn tó ń gbé àdúgbò bíi Berea àti Hillbrow, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà wà, wà lára àwọn tó máa ń rin ìrìnàjò tó ju 500 kìlómítà lọ sí Durban láti lọ fi ẹsẹ̀ tẹ omi. Iyanrìn tí òfin fi du àwọn òbí ni àwọn ọmọ wá ń jó lé lórí.

Ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ náà lọ́jú pọ̀. Ìdílé ọba sọ pé ilẹ̀ baba àwọn ni. Òfin ìlò ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Ìjọba àpapọ̀ náà ní etí òkun jẹ́ tòun. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, kò sí ẹni tó dárúkọ ará ìlú lásán tó fẹ́ lọ wo òkun lọ́jọ́ ọdún.

Kí ẹ tó wọ inú omi

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òkun kì í hó ruru kí á wà á ruru. Yàtọ̀ sí Tarkwa Bay, òkun gbalasa ni iwájú etíkun Èkó, omi ibẹ̀ sì lágbára. Ohun tó ń pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ni omi tó ń ṣàn padà láti etíkun sínú agbami, èyí tó lè fa òmùwẹ̀ pàápàá lọ.

Bí ó bá mú yín, ẹ má ṣe bá a jà, nítorí pé àárẹ̀ ló ń pa ni. Ẹ wẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́, ní ìbádọ́gba pẹ̀lú etíkun, títí tí ẹ ó fi kúrò nínú rẹ̀, kí ẹ tó wẹ̀ padà sí ilẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ìwẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí omi ju orúnkún rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ti mu ọtí kò gbọ́dọ̀ wọ inú òkun rárá. Ẹ má sì ṣe fi ọmọdé sílẹ̀ létí omi, ì báà ṣe fún ìṣẹ́jú kan.

Ní Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, àwọn DJ yóò tún gbé ẹ̀rọ wọn kalẹ̀ ní Ẹlẹ́gùṣì. Àwọn kan lára àwọn tó ń tajà níbẹ̀ ti tajà rí ní Bar Beach, ní Kuramo àti ní Ọnírù. Bí ẹ bá ra àgbàdo lọ́wọ́ wọn, ẹ bi wọ́n léèrè. Ìtàn etíkun Èkó wà lẹ́nu wọn ju inú ìwé lọ.